Ọmọ Tí A Kò Kọ́: Ojúṣe Ìjọba Ìbílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bákan náà ni ‘kọ́’ méjèèjì dún létí, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ti ilé, èkejì jẹ́ ti ọmọ.

Òfin-Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi méjèèjì sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá ọjà àti gáréèjì sílẹ̀. Ó sì fún wọn ní ìpín nínú ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Gáréèjì tí ọmọ tí ó sá nílé-ìwé ti ń di ọmọọ̀ta, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin fún láṣẹ láti gbowó níbẹ̀. Ǹjẹ́ kò yẹ kí apá kan owó náà ra ohun èlò iṣẹ́ fún ọmọ yìí, kí ó sì san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀gá?

Ẹnìkan lè wí pé àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ni owó wọn ń gbà kọjá. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san án fún wọn ní tààrà. Bí ó bá dé, èló ni ti ọmọ níbẹ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ kọ́kọ́ ń mọ̀ bí àga ọmọ bá ṣófo. Ẹ kọ orúkọ irú wọn sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e tọ kánsẹ́lọ̀ yín lọ kí wọ́n tó ṣe àbá ìṣúná. Ọmọ tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni yóò ṣọ́ ilé tí a kọ́.