Láti “lè” dé “gbọ́dọ̀”: bí òfin adójútòfò ìlera ṣe rìn dé Ṣómólú

Ẹni tó bá gba Ṣómólú kọjá lówùúrọ̀, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó wà fún un. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á ti máa ké láti ojúlé dé ojúlé, òórùn íǹkì á gba àdúgbò kan, àwọn ọmọkùnrin á sì máa ru pépà gba àárín ọ̀kadà kọjá. Inú ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo wà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé mú àtàǹpàkò ọmọṣẹ́ kan. Ọ̀gá rẹ̀ fi àkísà dì í, ó gbé e wọ kẹ̀kẹ́ Marwa. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó lódìkejì ti yọ owó sílẹ̀, ìyá tó ń ta búrẹ́dì ti yọ tiwọn, ọ̀gá sì ti fi owó tí oníbàárà fún un láti ra pépà kún un. Owó dìpósíìtì ni wọ́n ń wá. Bí wọn ò bá san án, kò sí ẹni tí yóò tọ́jú ọwọ́ ọmọ náà.

Ọ̀gá kan, ọmọṣẹ́ méjì: gbogbo ilé iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn o, nítorí irú wọn gan-an ni òfin adójútòfò ìlera kò rí fún ọdún 23.

Ọ̀rọ̀ adójútòfò yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1962, nígbà tí Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí jẹ́ mínísítà ètò ìlera, àbá dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí àwọn aráàlú máa dá owó sílẹ̀ de àìsàn, kí wọ́n sì ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Kò di òfin. Ológun dé, ogun abẹ́lé jà, owó epo rọ̀bì wọlé, ilé ìwòsàn ìjọba sì rọrùn fún aráàlú fúngbà díẹ̀. Nígbà tí owó epo já ní àwọn ọdún 1980, tí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, àbá àtijọ́ tún jí. Ìgbìmọ̀ ń tẹ̀lé ìgbìmọ̀. Lásìkò Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti ni wọ́n tó fi ọwọ́ gidi mú un, síbẹ̀ ó di 10 May 1999 kí ó tó di òfin, nígbà tó ku ọjọ́ 19 péré kí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar gbé ìjọba lé alágbádá lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà mìíràn tún kọjá kí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ṣí ètò náà ní June 2005.

Kí ni òfin yẹn wí? Ó ní agbanisíṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 10 ó kéré tán *lè* dá owó pẹ̀lú wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn, “lè”. Ẹni tó bá wù ú ni. Ẹ tún wo 10 náà. Mélòó nínú àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, mélòó nínú àwọn télọ̀ àti onírun Bàrígà, ló ní òṣìṣẹ́ 10? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni ó bọ́ sí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún, àwọn tó wà lábẹ́ adójútòfò kò tó ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́wàá ní Nàìjíríà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi pinnu pé àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ kò tó, kí wọ́n pa òfin náà rẹ́, kí wọ́n sì gbé òmíràn rọ́pò rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Ibrahim Yahaya Olóríẹgbẹ́ láti Kwara, tó jẹ́ dókítà, tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlera nílé aṣòfin àgbà, ló gbé àbádòfin náà. Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i ní 19 May 2022. “Lè” kúrò, “gbọ́dọ̀” wọlé: gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera. Wọ́n tún ya àpò owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lágbára, àwọn bí ọmọ wẹ́wẹ́, aláboyún, arúgbó àti tálákà. Ní tèmi, iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe.

Èkó ti ṣíwájú wọn. Ní May 2015, bí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin tirẹ̀, èyí tó bí ètò tí a mọ̀ lónìí sí Ìlera Èkó. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ₦40,000 sì ni ti bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Ní July 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi àṣẹ kún un pé dandan ni.

Ṣùgbọ́n “gbọ́dọ̀” kò ní ọwọ́ tí yóò fi gba owó. Wọ́n lè yọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba kí owó oṣù tó kàn án lọ́wọ́. Ibo ni wọn ó ti yọ ti ìyá tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, Bàrígà, tí òjò lè dá ọjà rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta? Bí ẹ bá sì ní kí irú wọn san owó àìsàn tí kò tíì ṣe wọ́n, àdúrà ni wọn ó fi dá yín lóhùn: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i. Àwọn kan ń pe èyí ní àìmọ̀kan. N kò gbà. Àwọn tó ń gba àdúrà yìí náà ló ń dá àjọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń dá owó òkú àti owó ìkómọ nínú ẹgbẹ́.

Ní Ṣómólú yìí kan náà ni Bàbá Alphaeus Táíwò Olúnáìkè, ọmọ Ìjẹ̀bú, ti di Alájọ Ṣómólú, ẹni tí orúkọ wọn di àṣamọ̀ lẹ́nu gbogbo Yorùbá. Wọ́n ní bàbá ta mọ́tò, wọ́n fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mọ́tò kì í wọ kọ̀rọ̀, kẹ̀kẹ́ máa ń wọ̀ ọ́, inú kọ̀rọ̀ sì ni àwọn oníbàárà wọn wà. Bí wọ́n bá ń gba owó adójútòfò bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ bí àjọ, ní iye tí Ìlera Èkó fi bẹ̀rẹ̀, náírà 24 lójúmọ́ ti kó owó ọdún kan já.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́yìn oṣù méjì. Àtàǹpàkò ọmọ náà ti jinná, àmọ́ kò ká dáadáa mọ́, ọwọ́ òsì ló fi ń to pépà. Káàdì àjọ ọ̀gá rẹ̀ ń fì lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Alájọ ti sàmì sí gbogbo àpótí orí rẹ̀ títí dé ọjọ́ àná. Ìṣó kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.