Ọdẹ Orí Ẹ̀gùn

Ẹ̀yin ọmọ, ǹjẹ́ ẹ ti rí ọdẹ rí? Bí ẹ bá ń gbé ní ìlú ńlá, ó lè jẹ́ pé ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru nìkan ni ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ní abúlé àti ní ìlú kéékèèké, ẹ óò rí ọdẹ tí ó wọ gbẹ́rí, tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí ó sì ń lọ sí igbó ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti oko bọ̀ wá sílé.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ọdẹ ń gbà pa ẹran. Àwọn kan ń fi ajá lé ẹran ní ọ̀sán. Àwọn kan ń dẹ pàkúté. Àwọn mìíràn a máa gun orí igi lọ, wọn a jókòó síbẹ̀ ní òru láti dúró de ẹran. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí lórí igi yìí ni à ń pè ní ẹ̀gùn. Ẹ ṣọ́ra, ẹ má ṣe pè é bí ẹ̀gún tí ń gún ni lẹ́sẹ̀ o! Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí ọdẹ orí ẹ̀gùn àti ìbọn ṣakabùlà tí ó ń lò.

Bí ọdẹ ṣe ń ṣe ẹ̀gùn

Kì í ṣe igi tí ọdẹ bá ṣáà ti rí ni ó ń ṣe ẹ̀gùn sí. Ní ọ̀sán, yóò kọ́kọ́ rìn yí igbó ká. Yóò wo ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀, yóò wo ìgbẹ́ ẹran, yóò sì wo ibi tí ẹran ti ń jẹun. Bí igi ìyeyè bá ń so, tí èso rẹ̀ sì ń jábọ́ sílẹ̀, ọdẹ mọ̀ pé ẹran yóò wá ṣa á jẹ ní alẹ́. Nígbà náà ni yóò wá igi mìíràn tí ó dúró dáadáa nítòsí ibẹ̀. Yóò gé ọ̀pá tí ó lágbára, yóò tò wọ́n sí ibi tí ẹ̀ka igi ti pín, yóò sì fi okùn dì wọ́n pinpin kí wọ́n má baà yẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé, "Kí ló dé tí ọdẹ kò jókòó sílẹ̀?" Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní, imú ẹran mú púpọ̀. Bí ọdẹ bá wà nílẹ̀, atẹ́gùn lè gbé òórùn rẹ̀ lọ bá ẹran, ẹran a sì sá lọ. Bí ó bá wà lókè, òórùn rẹ̀ sábà máa ń kọjá lórí ẹran. Èkejì, ẹran igbó kì í sábà gbé ojú wo òkè. Ẹ̀kẹta, bí ọdẹ bá wà lókè tí ó yin ìbọn, ọta á wọ inú ilẹ̀. Kò ní máa fò lọ jìnnà títí yóò fi bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìbọn ṣakabùlà

Ìbọn ṣakabùlà yàtọ̀ sí ìbọn tí ẹ ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹnu ni a ti ń ki ṣakabùlà, kì í ṣe ìdí. Ọdẹ yóò kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn. Lẹ́yìn náà, yóò fi ọ̀pá irin gbọọrọ kan ki nǹkan bí àkísà lé e lórí. Yóò wá da ọta sí i, yóò sì tún fi nǹkan dí i kí ọta má baà dà jáde. Nígbà tí ó bá fi ìka fa irin tí ó wà lábẹ́ ìbọn, iná yóò ṣẹ́ sí ẹ̀tù. Ẹ̀tù yóò gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, yóò di èéfín gbígbóná, èéfín náà yóò sì fi agbára ti ọta jáde.

Ẹ kíyè sí ohùn orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: ẹ̀tù ni ohun dúdú tí a ń da sínú ìbọn, ẹtu ni ẹran kékeré kan nínú igbó, ẹtù sì ni ẹyẹ tí àwọn kan ń pè ní awó. Bí ẹ kò bá fi àmì ohùn sí i, òǹkàwé lè rò pé ẹyẹ ni ọdẹ ń dà sínú ìbọn!

Ìbọn yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etí òkun. Nígbà tí ó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ wa kọ́ bí a ti ń rọ ọ́. Ní ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ó sì parí ní ọdún 1893, ìbọn tí a ń ki lẹ́nu ni ọ̀pọ̀ jagunjagun gbé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun tí a ń ki láti ìdí gbà láti Èkó. Ìbọn tuntun yìí yára ju ṣakabùlà lọ, ó sì yọ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lẹ́nu púpọ̀. Ìró ìbọn ni wọ́n sì fi sọ ogun náà ní Kírìjí.

Àléébù ṣakabùlà ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń dún. Kí ọdẹ tó tún un kì, ẹran ti sá lọ. Nítorí náà, ọdẹ oníṣakabùlà gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Kò gbọdọ̀ yìn ín àfi bí ohun tí ó fẹ́ yìn bá dá a lójú.

Àgbọ̀nrín

Àgbọ̀nrín jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹran tí ọdẹ orí ẹ̀gùn ń dúró dè. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó sì ní ìlà funfun àti àmì tótòtó funfun lára. Akọ nìkan ni ó ń hu ìwo. Ní ìrọ̀lẹ́, ní òru àti ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó sábà máa ń jẹun. Bí ẹ̀rù bá bà á, a máa gbó bí ajá. Abo rẹ̀ a máa lóyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Yóò fi ọmọ náà pamọ́ sínú igbó kíjikìji, yóò máa lọ jẹun, yóò sì máa padà wá fún un lọ́mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Òru kan lórí ẹ̀gùn

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú tẹ̀ lé bàbá ọdẹ kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ sí igbó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n dé ìdí igi. Bàbá bu eérú díẹ̀ láti inú àpò, ó jẹ́ kí ó fò lọ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Lẹ́yìn náà, ó gun igi lọ ní ọwọ́ òfìfo. Ìbọn wà nílẹ̀, kò sì tíì kì í. Nígbà tí ó jókòó tán, ó fi okùn fa ìbọn sókè, ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì gun igi tẹ̀ lé e. Okùn mìíràn wà tí wọ́n fi so ara wọn mọ́ igi, nítorí pé oorun kò mọ ọdẹ.

Wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ lù ú. Ikọ́ ń gbọ̀n wọ́n, wọn kò gbọdọ̀ wú u. Ó pẹ́ títí, wọ́n gbọ́ ìró ewé gbígbẹ nísàlẹ̀. Bàbá rọra tan iná orí rẹ̀. Ojú ẹran kan tàn yanran. Bàbá gbé ìbọn sókè. Lẹ́yìn náà, ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó pa iná.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọṣẹ́ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò yìn ín? Ó súnmọ́ wa gan-an."

Bàbá dáhùn pé, "Ojú mélòó ni o rí?"

"Méjì ni, Bàbá."

"Èmi rí mẹ́rin. Méjì wà lókè, méjì kékeré wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abiyamọ ni. Bí mo bá pa á lónìí, ẹran méjì ni mo pa, ọ̀kan ṣoṣo ni a ó sì jẹ. Kí ni ìwọ yóò wá rí pa nígbà tí ìwọ náà bá di ọdẹ?"

Wọ́n padà sílé ní ọwọ́ òfìfo. Àwọn àgbà sọ pé, bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tí ó sì ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Síbẹ̀, bàbá ọdẹ yìí kò kábàámọ̀.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń dẹ ẹ̀gùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdẹ ni ó ń jókòó sórí igi láti dúró de ẹran onírù funfun kan tí ó jọ àgbọ̀nrín. Ìwo akọ ẹran náà ní ẹ̀ka bí igi, ó sì máa ń já dànù lọ́dọọdún. Ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í já bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọdẹ tí ń lo ìbọn tí a ń ki lẹ́nu. Bí àkókò ọdẹ ti ọdún náà bá parí, àwọn ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹran náà mọ́.

Ìdí wà fún òfin yìí. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1900, wọ́n ti pa ẹran náà ní ìpakúpa débi pé ó ti tán pátápátá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìjọba fi òfin dí ìpakúpa náà lọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ kí abo bímọ. Lónìí, ẹran náà lé ní mílíọ̀nù 25.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀

Ìbọn kì í ṣe ohun ìṣeré. Òfin ìbọn tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1959 sọ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí ó tó ní ṣakabùlà. Ọdẹ tí ó bá gbàgbé pé òun ti ki ìbọn, tí ó tún un kì, lè rí i kí ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lójú. Bí ìbọn bá sì kọ̀ tí kò yìn, ọdẹ kò gbọdọ̀ yọjú wo ẹnu rẹ̀, nítorí iná lè wà nínú ẹ̀tù síbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọdẹ kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ìró tàbí sí ewé tí ń mì. Ènìyàn lè wà níbẹ̀.

Àwọn ibì kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ dẹ rárá. Ọ̀kan ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991. Níbẹ̀ ni ẹran ti lè bímọ ní àlàáfíà.

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ènìyàn ni ó ń mọ̀ nígbà tí ọdẹ bá yìnbọn, nítorí pé wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọdẹ rọ ìbọn sílẹ̀, òun nìkan ni ó mọ̀. Ìgbà náà ni ó ń tọ́jú igbó dè yín.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

ẹ̀gùn: ibi tí ọdẹ ń jókòó sí lórí igi
gbẹ́rí: ẹ̀wù ọdẹ
ìpakúpa: pípa láìní òǹkà
abiyamọ: ìyá tí ó ní ọmọ kékeré

Ìdánrawò

1. Dárúkọ ìdí mẹ́ta tí ọdẹ fi ń jókòó sórí igi.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tù, ẹtu àti ẹtù? Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn.
3. Kí ló dé tí bàbá ọdẹ fi rọ ìbọn sílẹ̀?
4. Bí ìwọ bá jẹ́ ọmọṣẹ́ náà, kí ni ìwọ yóò sọ fún àwọn ará ilé nígbà tí ẹ padà dé ní ọwọ́ òfìfo?