Ọsàn Mélòó Ni Ó Wà Nínú Òkìtì Yìí?

Bí ẹ bá gba ìhà Àgbàdo kọjá ní Alímọ̀ṣọ́, ẹ ó rí àwọn ìyá ọlọ́sàn tí wọ́n to ọjà wọn sórí àtẹ: mẹ́ta nísàlẹ̀, ẹyọ kan lórí. Òmíràn a to mẹ́rin nísàlẹ̀, a sì gbé ẹyọ kan lé e. Kò sí ẹni tí ó fi rúlà kọ́ wọn. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa, àlọ́ kan wà nínú òkìtì kékeré yẹn tí ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣirò ní ohun tí ó lé ní irínwó ọdún kí wọ́n tó já a tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti owó. Ká ní oníbàárà kan fẹ́ kó òkìtì ńlá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí òkìtì náà jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba: ọsàn márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òòró. Ó ga ní ìpele márùn-ún, ó sì ń kéré lọ sókè títí ó fi ku ẹyọ kan ní ṣóńṣó. Ẹyọ kan jẹ́ 100 náírà. Èló ni kí ó san?

Ẹlòmíràn á ní: "Bí ó bá ṣe àpótí ni, 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5, 125 ni. Òkìtì yìí sì tín-ín-rín lókè, a jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni, bí 62." Ẹni tí ó bá fi 62 san owó ti pàdánù 700 náírà, nítorí 55 péré ni ọsàn náà. Ọlọ́sàn tí ó bá sì fojú dá a sí 50, òun ló gbé 500 náírà sọnù.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ẹ má ṣe wo òkìtì náà lápapọ̀. Ẹ tú u ní ìpele-ìpele láti òkè wá. Ìpele kìíní jẹ́ 1. Èkejì, 2 lọ́nà 2, jẹ́ 4. Ẹ̀kẹta jẹ́ 9, ẹ̀kẹrin 16, ẹ̀karùn-ún 25. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 55. Bí ó bá ga ní ìpele mẹ́wàá, 385 ni, kì í ṣe 500. Bí ó sì ti ń ga sí i, ìdá kan nínú mẹ́ta àpótí ni ó ń súnmọ́, kì í ṣe ìdajì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ yín ni èyí. Ojú ọmọ a máa ṣú bí a bá ya ohun tí ó ní ìbú, òòró àti gíga sórí pátákó, nítorí pátákó kò ní inú. Ọmọ kò lè rí ẹ̀yìn àwòrán. Ṣùgbọ́n òkìtì ọsàn, ó lè yí i ká, ó sì lè tú u palẹ̀.

Wàyí o, àlọ́ tí ó le náà nìyí: báwo ni a ṣe lè to ohun róbótó kí ó má gba àyè púpọ̀? Ní 1611, Johannes Kepler, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ètò tí ó dára ju kí ti òkè jókòó sínú kòtò tí ti ìsàlẹ̀ fi sílẹ̀. Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi ẹ̀rí tì í. Ní 1998, Thomas Hales, ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rí jáde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ó dá àwọn lójú ní ìdá 99 nínú 100, àwọn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò tán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005, ó sì di 2014 kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo rẹ̀ wò láìku ẹyọ kan. Òtítọ́ ni Kepler sọ. Ohun tí ìyá ọlọ́sàn ń fi ọwọ́ ṣe náà nìyẹn.

Èrè wà níbẹ̀. Nínú àpótí ńlá, bí ọsàn kan bá jókòó gan-an sórí èkejì, ọsàn kò gbà ju nǹkan bí 52 nínú 100 àyè lọ. Afẹ́fẹ́ ló gba ìyókù. Bí ó bá wọ inú kòtò, ó di nǹkan bí 74. Àyè tí ó gba 100 ọsàn á gba nǹkan bí 140, owó ọkọ̀ kan náà.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, ẹ kó ọsàn fún ọmọ yín. Ẹ ní kí ó to òkìtì tí ìdí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, ọsàn márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé ṣóńṣó. Kí ó tó tò ó, kí ó sọ iye tí yóò jẹ́. Bí ó bá sọ pé 35, ó ti gbà á. Ẹ bó ọ̀kan fún un kí ó mu.