Bí A Ṣe Ń Se Omi Eegun Adìẹ, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Láti Mọ́níyà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé dé Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Akanran ní Ọ̀nà-Àrà, oko adìẹ kò wọ́n. Tí adìẹ ẹlẹ́yin bá ti tó ọdún kan àbọ̀, tí ẹyin rẹ̀ ń dín kù, àwọn olóko a tà á fún jíjẹ. Òun ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní “old layer”. Ẹran rẹ̀ yi, eegun rẹ̀ sì le. Nígbà tí wọ́n bá gé ẹran rẹ̀ kúrò tán, ọ̀pọ̀ ilé a da ẹ̀yìn, ọrùn, ẹsẹ̀ àti eegun àyà rẹ̀ sí ààtàn. Adùn tó ṣẹ́kù sínú wọn kò kéré rárá: wọ́n lè di omi ẹran tó dára fún ọbẹ̀ gbogbo ilé. Síse rẹ̀ kò ṣòro. Ìgbà tó bá kúrò lórí iná ni ìtọ́jú tó gba ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò

Awọ, iṣan àti eegun rírọ̀ tó wà ní oríkèé ní èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní collagen. Òun ló ń mú kí ẹran àgbà adìẹ yi. Bí omi gbígbóná bá ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á yọ́, á di gelatin, á sì wọ inú omi. Ìdí nìyí tí omi ẹran tó jiná dáadáa fi máa ń dì bí ẹ̀kọ tó bá tutù. Ẹsẹ̀ adìẹ kún fún èròjà yìí, nítorí náà ẹ má ṣe jù ú nù.

Eegun wo ló yẹ?

Eegun tí a yọ ní ilé ìdáná kí oúnjẹ tó dé iwájú ẹnikẹ́ni ni kí ẹ lò. Ẹ fi èyí tí ẹnu ti kàn sílẹ̀. Eegun tòlótòló tàbí awó tó ṣẹ́kù ní ilé ìdáná níbi ìnáwó náà dára, bí kò bá tíì pẹ́ níta.

Ẹ má ṣe fọwọ́ kan adìẹ tó kú fúnra rẹ̀ pé ẹ fẹ́ tú ìyẹ́ rẹ̀ tàbí kun ún. Láti ọdún 2006 tí àrùn bird flu ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, a ti mọ̀ pé inú títú ìyẹ́ àti kíkun adìẹ tó ní àrùn ni ewu ti ń bá ènìyàn, kí ìkòkò tó dé orí iná rárá. Bí ẹ bá ń ra adìẹ lóko, ẹ bi olóko bóyá ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dúró lẹ́yìn tí wọ́n fún un lóògùn ti pé, nítorí iná kì í pa gbogbo oògùn tó kù lára adìẹ.

Bí a ṣe ń sè é

Ẹ ti ẹsẹ̀ adìẹ bọ omi gbígbóná, kí ẹ bó awọ òkè rẹ̀, kí ẹ sì gé èékánná rẹ̀. Ẹ dá àwọn eegun gígùn sí méjì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, kí ẹ da omi tútù lé e: bí eegun bá jẹ́ kílò 1, omi lítà 2 tó. Omi tútù ló máa jẹ́ kí ìdọ̀tí rọra gòkè. Bó bá ti fẹ́ hó, ẹ bu ìhó tó léfòó kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa igi díẹ̀ jáde nínú ààrò kí iná rọlẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí omi bá ń hó yaya, ọ̀rá á pò mọ́ ọn, omi náà á sì rú. Bó bá ń rọra hó, á mọ́. Eegun “old layer” máa ń gba wákàtí 3 sí 4, ti broiler, ìyẹn adìẹ tí a ń sìn fún ẹran, kò ju 2 lọ. Tí eegun bá yọrí sókè, ẹ fi omi gbígbóná kún un. Ní wákàtí tó kẹ́yìn, ẹ fi àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti odindi ata rodo sí i. Ẹ má tíì fi iyọ̀ tàbí Maggi sí i, nítorí bí omi bá ti ń fà, iyọ̀ á máa pọ̀ sí i. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ dáadáa kí èérún eegun má bàa há ọmọ lọ́fun.

Ibi tí ewu wà

Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clostridium perfringens. Ó lè sá pamọ́ sínú èèpo líle kan tí omi híhó kì í pa. Nígbà tí omi ẹran bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á jí, á sì máa bí sí i. Ìkòkò ńlá tí a dé sórí ààrò mọ́jú máa ń wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Gbígbé e kaná láàárọ̀ lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kòkòrò mìíràn ti fi sílẹ̀ kì í lọ.

Nítorí náà, ẹ bù ú sínú abọ́ kéékèèké, kí ẹ gbé wọn sínú bàsíà tó ní omi tútù, kí ẹ máa rò ó, kí ẹ sì pààrọ̀ omi náà bó bá gbóná. Kí ó tó pé wákàtí 2 tí ó kúrò lórí iná, kí ó ti wà nínú fíríìjì. Níbẹ̀ ó lè lo ọjọ́ 3 sí 4. Bó bá dì sínú fírísà, ó lè lo oṣù bíi mélòó kan. Ilé tí kò bá ní iná tó dúró, kí ó se ìwọ̀n tí yóò lò lọ́jọ́ náà, tàbí kí ó gbé e fún ẹni tó ń ta omi dídì ládùúgbò kó bá a fi pamọ́.

Lílò rẹ̀

Ẹ fi se ọbẹ̀ ata tí ẹ máa dà sórí àbùlà, tàbí ìrẹsì, tàbí àsáró. Eegun tó ṣẹ́kù, ẹ má ṣe fún ajá, nítorí eegun adìẹ tó jiná máa ń fọ́ ṣóńṣó. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan gbà pé omi eegun ń fún ọmọ léegun tó le. Kálísíọ́mù tó ń jáde sínú omi náà kéré gan-an, gelatin rẹ̀ kò sì lè ṣe iṣẹ́ ẹran. Nítorí náà, bí ẹ bá bu omi ẹran sí oúnjẹ ọmọ, ẹ fi ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà tì í. Kì í ṣe bàbá nìkan ló yẹ kí ẹran wà lábọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń dàgbà ló nílò rẹ̀ jù.