Ìddó

Ìddó jẹ́ àdúgbò kan ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Mainland, ní ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Erékùṣù kékeré ni tẹ́lẹ̀, láàárín Erékùṣù Èkó àti Ebúté-Mẹ́ta. Wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí omi tó yà á nípá sí Ebúté-Mẹ́ta, ó sì ti di ara ilẹ̀ ńlá.

Ìtàn

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu, àwọn Àwórì ni wọ́n tẹ Ìddó dó. Ìṣẹ́rí ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè, olórí wọn. Nígbà tí ogun dé, apá kan nínú wọn sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ebúté-Mẹ́ta, wọ́n sì rékọjá sí Ìddó, nítorí pé ogun tí kò ní ọkọ̀ ojú omi kò lè bá wọn níbẹ̀. Ọ̀sà ni odi ìlú wọn.

Láti Ìddó ni Àrómirẹ́, ọmọ Ọlọ́fin, ti ń tukọ̀ lọ dá oko ata sí Erékùṣù Èkó. Ìtàn sọ pé orí ilẹ̀ oko náà ni Ìgá Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà lónìí. Ìran Ọlọ́fin ni a ka àwọn Ìdéjọ sí, ìyẹn àwọn ìjòyè onílẹ̀ tí ń dé fìlà funfun. Àrómirẹ́ àti Olóto wà lára wọn.

Ojú irin àti afárá

Ní ọdún 1896, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ó dé Kánò ní 1912. Ní 1901 kan náà, Afárá Carter, tí a fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter sọ, so Ìddó mọ́ Erékùṣù Èkó. Afárá Denton sì so ó mọ́ Ebúté-Mẹ́ta. Báyìí ni Ìddó di ẹnu ọ̀nà Èkó: ibẹ̀ ni èrò àti ẹrù tó gba ojú irin wá láti Òkè-Ọya ń sọ̀ sí.

Lóde òní

Wọ́n tún Afárá Carter kọ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1970. Ojú irin tuntun tó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kò bẹ̀rẹ̀ ní Ìddó mọ́. Ebúté-Mẹ́ta ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà. Ọjà àti ibùdókọ̀ èrò ṣì wà ní Ìddó. Ibi tí omi ti gba àwọn Àwórì lọ́wọ́ ogun ti di ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń pè é ní erékùṣù.