ỌDÚN Ń BỌ̀ O! Ẹ MÁ FI OWÓ ỌJÀ RA KỌ́TÌNNÌ

 

Bí ẹ bá gba Òkèrèwè kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ níbí nínú oṣù Kejìlá, tí ẹ sì yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, ohun kan náà ni ẹ ó rí níbi gbogbo. Ẹni tó ń gbọn ẹní ń gbọn ẹní. Ẹni tó ń fọ kọ́tìnnì ń fọ kọ́tìnnì. Ọmọdé ń pọn omi, bàbá ń pariwo pé ta ló gbé òòlù òun. Kì í sì í ṣe Kérésìmesì nìkan. Bí Ọlọ́jọ́ bá ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ilé tí àlejò ń bọ̀ wá jẹun kò gbọdọ̀ rí wúruwùru.

Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kì í fẹ́ sọ síta. Owó wo ni a fi ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé tiwa, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ni mò ń bá wí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA

Gààrí ni ìyá mi ń tà. Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé girama, wọ́n kó àjọ wọn nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Owó tí wọ́n ti ń dá láti oṣù Kejì ni o. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí ìyá mi fi ra kápẹ́ẹ̀tì pupa, kọ́tìnnì tuntun tó ń dán fún fèrèsé méjèèjì, òdòdó onírọ́bà, àti àwòrán ńlá kan tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀. Wọ́n ní àbúrò àwọn ń bọ̀ láti Èkó, pé ojú kò gbọdọ̀ ti àwọn.

Àlejò dé lóòótọ́. Wọ́n yìn wá. Wọ́n ní ilé wa dà bí ilé òyìnbó. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí.

Ọdún tuntun wọlé. Ìyá mi lọ bá ẹni tí wọ́n máa ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún ní gààrí ti gbówó lórí, òun kò tà á láwìn mọ́. Àpò mẹ́ta tí ìyá mi máa ń gbé kalẹ̀ lọ́jà wá di ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, wọ́n dá mi padà sílé nítorí owó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa yẹn, tí mò ń wo òdòdó onírọ́bà. Nígbẹ̀yìn, ìyá mi já kọ́tìnnì náà sílẹ̀, wọ́n tà á fún aládùúgbò wa kan ní iye tí kò tó ìdajì ohun tí wọ́n rà á. Èyí tó dùn mí jù ni pé fèrèsé tó kọjú sí tiwa gan-an ni aládùúgbò náà ta á sí.

ÌYÁ ÀGBÀ LA Ọ̀RỌ̀

Ìyá tó bí ìyá mi ṣì wà láyé nígbà náà, nínú agboolé wọn ní Òkèrèwè. Ìyá mi lọ bá wọn, èmi náà tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ kí ilé mi dára ni.”

Ìyá àgbà ní, “Ta ló ní kí ilé ọmọ mi má dára? Ṣùgbọ́n ọmọ Ifẹ̀ ni ọ́. Kí ni wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́ ní ìlú yìí?”

“Àpáàdì ni, mà.”

“Ṣé ìkòkò tuntun ni wọ́n lọ ń rà tí wọ́n ń fọ́ ọ?”

Ìyá mi dákẹ́.

Ìyá àgbà ní, “Padà sílé. Lọ wo ohun tó wà nílẹ̀ kí o tó tú àpò. Owó ọjà kì í ṣe owó ọdún.”

Èmi tí mo wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àpáàdì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo di akọ̀ròyìn, mo wádìí rẹ̀. Òótọ́ ni ìyá àgbà sọ.

ỌBA OBÌNRIN ÀTI ILẸ̀ ÀPÁÀDÌ

Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ṣàdédé kan àwọn ère idẹ nínú ilẹ̀. Òyìnbó kan tó mọ̀ nípa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, Frank Willett, wá walẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́. Kì í ṣe Ìta Yemòó nìkan. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti bá irú rẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n sì ti rí i ní àwọn ìlú mìíràn títí dé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Èyí tó pọ̀ nínú ti Ifẹ̀ ti lé ní ọdún 500 dáadáa.

Wọn kò kàn da àpáàdì sílẹ̀ o. Wọ́n ń to ó ní òró ni, wọ́n á fún un mọ́ra, ìlà kan á kọjú sí ọ̀tún, èkejì á kọjú sí òsì, bí egungun ẹja. Níbòmíràn, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun sí i láàárín, ní ìlà-ìlà. Òjò á rọ̀, ẹrẹ̀ kò ní sí. Ojú á rí i, á dùn.

Ìtàn tó wà lẹ́nu àwọn àgbà ni pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀ láyé àtijọ́, ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ẹrẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ bí? Ọba ni o! Ohun tí ẹlòmíràn ì bá dà sí àkìtàn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ fún un.

Ẹ tún wo ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀. Obìnrin ló ń ya àwòrán sára ògiri rẹ̀, bí ọdún òrìṣà náà bá sì yípo, wọ́n á tún un kùn. Amọ̀, ewé àti èédú ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà láyé àtijọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Campbell ti kọ odidi ìwé lórí irú àwòrán ògiri bẹ́ẹ̀, ó jáde ní 2008. Ohun tí àwọn ìyá wa fi amọ̀ ṣe ló di ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ ayé.

ÌGBÁLẸ̀ LÓ ṢÁÁJÚ

Bí Ọlọ́jọ́ bá dé, kí Ọọ̀ni tó jáde láti inú ìpèbí pẹ̀lú adé Aàrẹ̀, àwọn obìnrin ìdílé bàbá àti ti ìyá ọba á kọ́kọ́ gbá ààfin. Wọ́n ń gbá ibi jáde ni. Bí ààfin bá ń fi ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ló dé tí àwa fi ń fi owó bẹ̀rẹ̀ tiwa?

Ohun tí ìyá mi ṣe ní ọdún kejì nìyí, tí mo sì rí i tí ó ṣiṣẹ́. Ọmọdé ni mí, mi ò lè kọ́ ìyá mi ní ilé gbígbá. Mo kàn ń ròyìn ni.

Èkínní, ẹ kó ẹrù síta. Ẹ yan ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ kó gbogbo ohun tó wà ní yàrá jáde, tibùsùn-tibùsùn, kí oòrùn lè pa ìdun. Ẹ pín ẹrù náà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹ ń lò, èyí tí ẹlòmíràn lè lò, àti èyí tí àkìtàn ń pè. Ìgò òfìfo, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tà á fún elépo tàbí ẹlẹ́pà. Irin àti ìkòkò tó ti lu, ẹ tà á fún àwọn tó ń kiri ra irin. Aṣọ tó ti kéré sí ọmọ yín, ẹ fún ọmọ àbúrò yín. Ní ilé wa, owó ìgò àti irin yẹn ló ra ọṣẹ àti ẹfun tí a fi kunlé. A kò fọwọ́ kan owó gààrí.

Èkejì, ẹ tọ́jú ògiri. Ẹ fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ èéfín kúrò kí ẹ tó kùn ún. Bí ẹ bá lo ẹfun ìkunlé, ẹ wé ọwọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ó ta sí yín lójú. Ẹni tó bá ní akunlé nínú ẹbí, kí ó bẹ̀ ẹ́ fún ìsàlẹ̀ garawa ọ̀dà. Ọ̀dà olómi pẹ̀lú olómi ni kí ẹ pò pọ̀ o, ẹ má pò ó mọ́ èyí tó jẹ́ olóròóró. Àwọ̀ tó dúdú díẹ̀ ni kí ẹ fi kun ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ń dé. Kò ní tètè fi ìdọ̀tí hàn.

Ẹ̀kẹta, aṣọ kì í gbó tán. Ìró tó ti ṣá, ẹ fún un ní aró tuntun. Ẹ lè fi okùn dì í ní kókó-kókó bíi ti àdìrẹ oníko kí ẹ tó rẹ ẹ́. Ẹ gé e, ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kọ́tìnnì dé. Àjákù aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ télọ̀ náà wúlò. Ṣebí ẹ ń rí ẹ̀kú eégún, bí aṣọ oríṣiríṣi ṣe ń pàdé lára rẹ̀ tí ó sì ń gbayì? Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ rán àjákù pọ̀, kí ẹ fi ṣe èpo ìrọ̀rí. Ẹ̀yin télọ̀, ọjà ni èyí o. Ẹ máa rán an sílẹ̀ kí ọdún tó dé, ẹ ó rí ẹni rà á.

Ẹ̀kẹrin, kí ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ká má parọ́. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gba àpótí méjì. Ẹ bẹ káfíńtà fún àjákù pákó, ẹ kàn án sókè ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni ìwé ọmọ àti àpò á máa wà. Rọ́bà ọ̀dà tí ẹ fọ̀ mọ́ á gba bàtà. Agolo mílíìkì tí ẹ lẹ àjákù àǹkárá mọ́ lára á gba ṣíbí. Àwo tánganran ìyàwó yín tó wà nínú àpótí láti ọjọ́ yìí, ẹ kó o jáde, ẹ tò ó léra lórí tábìlì. Ẹ̀ṣọ́ wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìkìlọ̀ kan o: ìlú kòkó ni Ifẹ̀, agolo oògùn kòkó pọ̀ nílẹ̀. Bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, ẹ má fi gba omi, ẹ má fi gba oúnjẹ. Májèlé ni.

Ẹ̀karùn-ún, ewé kò gba owó. Imọ̀ ọ̀pẹ tí Ògún ń lò náà ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń so sí ẹnu ọ̀nà ní Kérésìmesì. Ẹ fi òdòdó àyíká ilé sínú ìgò omi. Ṣùgbọ́n kí imọ̀ jìnnà sí àtùpà, àbẹ́là àti jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá gbẹ, iná kì í pẹ́ mú un.

Ẹ PÍN ÀJỌ KÍ Ẹ TÓ KÓ O

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Láti ọdún náà, kí àjọ tó dé ọwọ́ ìyá mi ni wọ́n ti máa ń pín in. Nínú náírà mẹ́wàá, márùn-ún ń padà sọ́jà. Mẹ́ta jẹ́ ti owó ilé-ìwé oṣù Kínní. Méjì ni ti ọdún, oúnjẹ àti aṣọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí ohun kan kò bá gba inú méjì yẹn, kò wọlé wa. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: owó ẹ̀rọ, owó pákó, owó irin, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí ariwo ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Kérésìmesì ọdún kejì yẹn, àbúrò ìyá mi tún ti Èkó dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo kọ́tìnnì aláró.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ti rà á? Èló ni?”

Ìyá mi wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìró mi àtijọ́ ni. O ò rántí rẹ̀?”

Ní oṣù Kínní, àpò gààrí mẹ́ta wà lórí àtẹ. Èmi náà wà ní kíláàsì láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọgbọ́n pọ̀ lọ́wọ́ yín ju èyí lọ. Ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fi ń tún ilé ṣe láìná owó ọjà. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ewé lẹ́tà, kí ará yòókù lè kọ́ ọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.