Ta ló ka igún tó kù?

Tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé igún ń tán lọ nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ bi í pé: "Mélòó ló kù? Ta ló kà á?" Ojú lásán la fi máa ń sọ pé nǹkan pọ̀ tàbí kò pọ̀ mọ́, ojú sì máa ń tan èèyàn jẹ.

Obìnrin kan ṣiṣẹ́ títí tí irú ìbéèrè yìí fi ní ìdáhùn. Georgina Mace lorúkọ ẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1953, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Sussex, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Zoological Society of London. Kò lókìkí bí olórin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ nínú ìròyìn pé ẹranko kan "wà nínú ewu àparun", ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀.

Láti ọdún 1964 ni àjọ IUCN ti ń ṣe Red List, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ẹranko àti ewéko tó lè parẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èrò àwọn onímọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé jù. Ohun tẹ́nì kan pè ní ewu ńlá, ẹlòmíì lè ní kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1991, Mace àti Russell Lande dábàá pé ká fi ìṣirò rọ́pò àríyànjiyàn. Lọ́dún 1994, IUCN gbà á wọlé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ wo iye ọmọ tí ẹranko kan ń bí, iye tó ń kú, bí igbó ẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ro ọjọ́ iwájú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà: ọ̀dá dá lọ́dún kan, àrùn wọlé lọ́dún mìíì. Tó bá tán pátápátá nínú ìgbà 50 lára 100, láàrin ọdún 10 tàbí ìran mẹ́ta, ìpele tó burú jù ló wà.

Èyí tí wọn ò bá mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀ náà ní òfin tiẹ̀: ṣé iye ẹ̀ ti fi 80 nínú 100 dín láàrin àkókò kan náà? Ṣé àwọn tó ti dàgbà tó láti bímọ ò tó 50 mọ́? Ọ̀kan ṣoṣo ti tó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìran yẹn, torí ọdún 10 eku kì í ṣe ọdún 10 erin.

Ẹ jẹ́ ká gbé òfin yìí wálé. Igún tá a mọ̀ jù níbí, èyí tó máa ń bà sórí òrùlé nítòsí odò ẹran, ti wọ ìpele tó burú jù láti ọdún 2015. Láàrin ìran mẹ́ta, ó ti dín ju 80 lọ nínú 100. Èèwọ̀ ni àwọn àgbà pe pípa igún, síbẹ̀ májèlé àti àwọn tó ń tà á fún oògùn ò jẹ́ kó sinmi. Odídẹrẹ́, tá à ń gba ìkóódẹ lára ẹ̀, náà wọ ìpele ewu lọ́dún 2016. Lọ́dún yẹn kan náà ni àpérò CITES fòfin de kíkó èyí tí wọ́n mú nínú igbó lọ tà nílẹ̀ òkèèrè.

Àwọn kan á ní ìwé lásán ni, kì í gba ẹranko là. Mi ò gbà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó; ìṣirò yìí ni ojú tá a fi ń wo òkèèrè. Wọ́n dáàbò bo panda ní Ṣáínà, wọ́n sì ń kà á. Lọ́dún 2016, ó kúrò ní ìpele ewu bọ́ sí èyí tó rọrùn díẹ̀.

Mace kú lọ́dún 2020, àmọ́ òfin ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà àti ìṣirò, kì í ṣe báńkì nìkan ló nílò yín. Kò sí bí òfin yẹn ṣe lè gbèjà ẹranko tẹ́nikẹ́ni ò kà.